Bí A Ṣe Ń Dá Wakọ̀ La Ilẹ̀ Àfonífojì Já

Bí èèyàn bá kúrò ní Green River, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Utah lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó dorí ọkọ̀ kọ ìwọ̀-oòrùn lójú ọ̀nà I-70, kò ní í rí ilé epo tàbí ilé oúnjẹ mọ́ títí yóò fi rin ohun tó lé ní 100 máìlì dé Salina. Ọ̀nà márosẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni o, kì í ṣe ọ̀nà oko. Èkó sí Ìbàdàn ò tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn náà la sì ń bá Ìbàfò, Mọ́wé àti Ṣàgámù pàdé lójú ọ̀nà, tí ẹni tí ebi ń pa ń nawọ́ síta ra gàlá. Níbi tí mò ń wí yìí, àkọlé kan lẹ́bàá ọ̀nà ló ń sọ fún awakọ̀ pé kò sí nǹkan kan níwájú. Ẹni tó bá kà á tí kò yẹ epo rẹ̀ wò ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjàngbọ̀n.

Apá díẹ̀ lásán ni ọ̀nà yẹn jẹ́ nínú ilẹ̀ gíga tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Colorado Plateau. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin ló pín in: Utah, Arizona, Colorado àti New Mexico. Aṣálẹ̀ ni apá tó pọ̀ jù níbẹ̀, síbẹ̀ omi ló ṣe gbogbo àrà tí àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ náà ga sókè díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Odò Colorado àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ò yéé ṣàn, wọ́n ń fi yanrìn àti òkúta tí wọ́n ń wọ́ lọ ha àpáta ìsàlẹ̀ wọn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún sí mẹ́fà ọdún sẹ́yìn ni odò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ Grand Canyon bó ṣe wà lónìí. Àfonífojì yìí gùn tó 277 máìlì, ibi tó fẹ̀ jù nínú rẹ̀ tó 18 máìlì, ó sì jìn ju máìlì kan lọ. Àpáta tó wà létí òkè ti tó 270 mílíọ̀nù ọdún. Èyí tó dúdú nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò ti lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀.

Ojú ń tan èèyàn gan-an níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Sípéènì tí García López de Cárdenas ṣáájú dé etí àfonífojì yìí ní 1540, odò tí wọ́n rí nísàlẹ̀ kéré lójú wọn. Mẹ́ta nínú wọn gbìyànjú láti sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Wọn ò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà lọ tí wọ́n fi padà. Wọ́n ròyìn pé àwọn òkúta tó jọ ohun tí kò ga ju èèyàn lọ láti òkè ga ju ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Seville lọ. Bó ṣe tan àwọn ará Sípéènì jẹ náà ló ń tan awakọ̀ òde òní jẹ: òkè tó dà bíi pé ó wà nítòsí, wákàtí kan gbáko lèèyàn máa fi wakọ̀ kó tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Tí ọmọ Yorùbá bá sọ nílé pé òun nìkan fẹ́ wakọ̀ lọ sírú ibẹ̀, ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, “Kí lo gbàgbé síbẹ̀?” Mi ò rí ẹ̀bi àwọn tó ń béèrè. Láyé ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀wọ́ ni àwọn oníṣòwò fi ń rin ọ̀nà Ìjẹ̀bú sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá dá rìn, wọ́n lè gbé e tà. Ọdẹ ló ń dá wọ igbó, ọdẹ náà sì ní ẹni tó mọ igbó tó wọ̀.

Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń dá lọ, àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà sì wà lára wọn. Nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ òru léraléra ní Houston, tó ń wá ibi tí fóònù ò ti ní í dún. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun ń bọ̀, òun ń bọ̀, títí ìsinmi fi fẹ́ tán. Ẹni tó kàn fẹ́ dúró níbi tó bá wù ú, kó wo àpáta kan fún wákàtí méjì láìsí ẹni tí yóò máa pòṣé nínú ọkọ̀. Ti ẹni ìkẹyìn yìí ló yé mi jù. Ohun tí mi ò gbà ni bí wọ́n ṣe ń pe irú ìrìn àjò yìí ní iṣẹ́ akin. Ìgboyà gan-an ló máa ń kó àwọn adárìn sí wàhálà nílẹ̀ yẹn. Ìṣirò ló gbà, pẹ̀lú ìwé kan tí èèyàn fi sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká lára.

Ẹ wo ti Aron Ralston. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà tó dá wọ Bluejohn Canyon ní Utah ní ìparí oṣù Kẹrin 2003. Ara rẹ̀ le, ó mọ òkè í gùn, kì í ṣe àlejò nínú aṣálẹ̀. Òkúta ńlá kan yẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì há ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ara àpáta. Kò sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Wákàtí 127 ló lò níbẹ̀. Nígbà tí omi tán, tí kò sì sẹ́ni tó ń bọ̀, ó fi ọ̀bẹ kékeré tí kò mú gé ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta, ó sì ń rìn nínú oòrùn títí ó fi bá ìdílé kan láti Netherlands pàdé. Ọ̀bẹ yẹn ni gbogbo èèyàn ń sọ, wọ́n tilẹ̀ ti fi ṣe fíìmù. Èmi ò rò pé ọ̀bẹ ni kókó ọ̀rọ̀. Nígbà tí kò yọjú síbi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, àmọ́ ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nínú odindi ìpínlẹ̀ Utah? Ó gba àkókò kí wọ́n tó mọ ibi tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Ìlà kan ṣoṣo lórí bébà ì bá ti sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àmọ́ ọ̀bẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́ nínú ìtàn yìí.

Ti Everett Ruess burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ogún ọdún ni, ayàwòrán. Ní oṣù Kọkànlá 1934 ó kúrò ní ìlú Escalante pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì. Wọ́n rí àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e ní ibi tí wọ́n ń pè ní Davis Gulch. Òun fúnra rẹ̀, wọn ò rí i títí dòní.

Ojú ewé kan péré tó fún ìwé tí mò ń wí. Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ibi tí ẹ máa sùn, nọ́ńbà ọkọ̀ àti àwọ̀ rẹ̀, àti orúkọ ibi tí ẹ ti fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Ẹ kọ orúkọ káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, tí ibẹ̀ wà, nítorí ṣẹ́rífù, ọ̀gá ọlọ́pàá káńtì kọ̀ọ̀kan, ló ń darí wíwá ẹni tó sọnù ní Utah. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ aago méjì: aago tí ẹ máa pe ilé, àti aago tí ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ pe ṣẹ́rífù bí kò bá gbọ́ ohùn yín. Aago kejì yìí làwọn èèyàn wa kì í fẹ́ kọ, nítorí wọ́n kà á sí pípe ibi sórí ara ẹni. Ẹ kọ ọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó wà nílé yóò máa sọ pé “bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni” títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ẹ má sì fún ẹni tí kì í gbé fóònù ní irú ìwé yìí, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ọgbọ́n yìí ti wà tipẹ́ nílẹ̀ náà. Ní 1539, Estevanico, ọmọ Áfíríkà láti Azemmour ní Morocco tí àwọn ará Sípéènì kó lẹ́rú, ló ṣáájú àlùfáà Marcos de Niza láti Mexico wọ ilẹ̀ tó di Arizona àti New Mexico lónìí. Àdéhùn wọn ni pé kó máa fi àgbélébùú ránṣẹ́ sẹ́yìn: tí ìròyìn bá mọ níwọ̀n, kó fi èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ ránṣẹ́, tó bá tóbi, kí àgbélébùú náà tóbi sí i. Èyí tó ga tó èèyàn ló fi ránṣẹ́. Wọ́n pa á ní Hawikuh, ìlú àwọn Zuni, àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ ọ̀nà tó gbà, ó sì gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Ní tòde òní, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń gba orí sátẹ́láìtì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwọn fóònù tuntun míì náà sì lè fi bẹ́ẹ̀ ké sí àwọn agbanilà. Ó yẹ kí adárìn ní i. Àmọ́ ojú ọ̀run ni ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ rí kó tó ṣiṣẹ́. Nínú pàlàpálá àpáta tó jẹ́ pé èèyàn ń fẹ̀gbẹ́ rìn ni, ojú ọ̀run tó hàn lókè lè má ju ìlà kan lọ. Bébà ò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Máàpù náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ sì tún fà á sórí fóònù kí ẹ tó kúrò ní ìlú.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí omi. Lítà mẹ́rin lójúmọ́ fún ẹnì kan ni òfin tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ìgbafẹ́ ibẹ̀ ń tẹnu mọ́, kí èèyàn sì fi èyí tó máa tó ọjọ́ méjì sí i sínú búùtù ọkọ̀, nítorí ọkọ̀ lè kú. Omi nìkan ò tó. Ẹni tó ń làágùn látàárọ̀, tó ń mu omi ṣáá láìjẹ nǹkan oníyọ̀, lè fọ iyọ̀ ara rẹ̀ dànù débi tí orí yóò fi máa fọ́ ọ, tí èébì yóò máa gbé e, tí yóò sì rò pé òùngbẹ ni, tí yóò tún mu omi sí i. Ó ti pa èèyàn. Ibí yìí ni kúlíkúlì àti ẹ̀pà oníyọ̀ ti dára ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń tà nílé epo ibẹ̀ lọ. Gààrí ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì: omi tó yẹ kí ẹ mu ló máa mu.

Ooru ibẹ̀ gbẹ. Òógùn ń gbẹ lára kí èèyàn tó mọ̀ pé òun làágùn, nítorí náà ẹni tó ti mọ ooru Èkó lè rò pé kò sí nǹkan kan. Ní Grand Canyon, bí èèyàn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò lè kọjá dígírì 43. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé àlọ ló rọrùn, àbọ̀ ni òkè, ìgbà tó ti rẹ èèyàn lòkè ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má rìn láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà ooru, kó má sì gbìyànjú láti dé odò kó padà lọ́jọ́ kan náà. Fún adárìn, mo fi tèmi kún un: bí ooru bá ti wọ èèyàn lára, orí ló ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ẹni méjì bá wà, ọ̀kan á gbọ́ tí èkejì ń sọ ìsọkúsọ. Ẹni kan kò lè gbọ́ ti ara rẹ̀. Nítorí náà ìpinnu ibi tí ẹ ti máa padà, inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, kí orí tó gbóná, kí ẹ sì dì í mú. Akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ dára ju fìlà bọ́ọ̀lù lọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ò gùn. Bí epo bá ti dé ìdajì, ẹ wá ilé epo. Ẹ rí i pé táyà àfirọ́pò wà nínú ọkọ̀, pé ó ní afẹ́fẹ́, pé jáàkì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ni wọn kì í fi táyà àfirọ́pò sí mọ́, wọ́n á fi agolo oògùn táyà rọ́pò rẹ̀, òkúta aṣálẹ̀ ò sì mọ oògùn yẹn. Tí ọkọ̀ bá jẹ́ ti àyálò, ẹ ka ìwé àdéhùn: ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ò gbà kí ẹ gbé e gba ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Amọ̀ àwọn ọ̀nà kan ní gúúsù Utah máa ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí òjò bá kán sí i, ọkọ̀ tó wọlé láàárọ̀ lè má lè jáde lálẹ́. Bí ọkọ̀ bá kú síbi tí kò sí èèyàn, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀. Láti inú ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ rọrùn í rí, orí èèyàn ò rọrùn. Lálẹ́, àgbọ̀nrín àti màlúù ń sọdá títì láìwo ẹnikẹ́ni, nítorí náà kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ ti dé ibi tí ẹ máa sùn.

Àgbàrá ni mo fẹ́ ká jókòó tì díẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí aṣálẹ̀ máa ń bẹ̀rù àìsí omi, kì í bẹ̀rù omi. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ 1997, àwọn arìnrìn-àjò wà nínú Antelope Canyon ìsàlẹ̀, nítòsí ìlú Page ní Arizona. Òjò tó rọ̀ níbi tí wọ́n wà kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ máìlì sókè ni òjò gidi ti rọ̀, àgbàrá rẹ̀ ló rìn wá bá wọn. Èèyàn 11 ló kú. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án 2015, àgbàrá pa èèyàn méje nínú Keyhole Canyon ní ọgbà Zion; lọ́jọ́ kan náà, kò jìnnà síbẹ̀, àgbàrá gbé ọkọ̀ tó kún fún àwọn ìyá àtàwọn ọmọ lọ ní ìlú Hildale, èèyàn 13 sì ṣòfò.

Ìdí rẹ̀ ni pé àpáta ibẹ̀ kì í mu omi. Ilẹ̀ wa níhìn-ín ní koríko àti gbòǹgbò tó ń dá òjò dúró díẹ̀ kó tó di àgbàrá. Lórí àpáta lásán, gbogbo ohun tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ gan-an ló ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà wọ ojú àgbàrá, ojú àgbàrá púpọ̀ sì ń tú sínú pàlàpálá kan ṣoṣo tí kò fẹ̀ ju apá méjì lọ. Omi tí kò dé orúnkún ní gbangba yóò ga ju ilé lọ nínú irú ibẹ̀, pẹ̀lú igi àti òkúta nínú rẹ̀. Èèyàn ò lè sá ṣáájú rẹ̀. Ibi gíga nìkan ni àbò, pàlàpálá tóóró sì lè má ní ibi gíga kankan fún ohun tó tó máìlì kan.

Nítorí náà, bí ojú ọ̀run ṣe rí lórí yín ò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ojú ọ̀run ibi tí omi ti ń wá ni kí ẹ béèrè. Iléeṣẹ́ ọgbà Zion máa ń kéde lójoojúmọ́ bí ewu àgbàrá ṣe tó, ní ìpele mẹ́rin, láti orí èyí tí wọn ò retí rárá dé orí èyí tí wọ́n retí gan-an. Ẹ lọ síbi tábìlì àwọn ẹ̀ṣọ́ láàárọ̀, kí ẹ béèrè, kí ẹ sì gbà wọ́n gbọ́. Oṣù Keje sí Kẹsàn-án ni òjò ọ̀sán ń rọ̀ jù níbẹ̀. Bí ẹ bá ti wà nínú àfonífojì, tí omi tó mọ́ ṣàdédé rú, tí ewé àti ẹ̀ka igi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn kọjá, tàbí tí ẹ gbọ́ ariwo tó jọ ti ọkọ̀ ńlá níbi tí kò sí ọ̀nà ọkọ̀, ẹ gun òkè. Ẹ má padà lọ mú báàgì.

Fún awakọ̀, ojú àgbàrá ń kọjá lórí títì fúnra rẹ̀ níbi púpọ̀. Omi tó ń ṣàn, tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ. Ìpínlẹ̀ Arizona ní òfin kan láti 1995: ẹni tó bá yí ìdènà kọjá wọ títì tí omi bò, tí wọ́n wá yọ ọ́, òun ni yóò san owó àwọn tó yọ ọ́. Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe òfin náà ni òfin awakọ̀ òmùgọ̀. Mo fẹ́ràn òfin yìí.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà, Las Vegas ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì àtààbọ̀ ni Zion, níbi tí bọ́ọ̀sì ọgbà ti ń kó èèyàn wọ inú àfonífojì fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Ihò abẹ́ àpáta tó lé ní máìlì kan, tí wọ́n parí ní 1930, ló mú ọkọ̀ jáde níhà ìlà-oòrùn lọ sí Bryce, níbi tí omi tó ń di yìnyín lóru tó sì ń yọ́ lọ́sàn-án ti la àpáta sí ọ̀pọ̀ ọ̀wọ̀n pupa. Bryce ga ju 8,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, òtútù lè mú èèyàn níbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, kí ẹ mú súwẹ́tà dání.

Lẹ́yìn Bryce ni ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù, Ọ̀nà 12 ti Utah. Ní ibì kan láàárín Escalante àti Boulder, góńgó òkè ni títì náà ń tọ̀, ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún, ọ̀gbun wà lápá òsì, irin ìdènà ò sì sí. Awakọ̀ tó bá dá wà kò gbọ́dọ̀ wo ìran níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ṣe fún ìdúró ni kó yà sí, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó tó wòran. Boulder tó wà níwájú wà lára àwọn ìlú tó gbẹ̀yìn ní Amẹ́ríkà tí ìbaaka ń gbé lẹ́tà lọ fún tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wa ọ̀nà yẹn kò ní í béèrè ìdí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Capitol Reef, tó ní ọgbà èso tí àwọn ọmọ ìjọ Mormon gbìn, tí wọ́n ń jẹ́ kí àlejò ká èso níbẹ̀ bó bá ti gbó. Lẹ́yìn náà ni Moab, pẹ̀lú ọgbà Arches àti Canyonlands.

Láti ibẹ̀ ẹ dorí kọ gúúsù. Moki Dugway wà níbẹ̀, ọ̀nà olókùúta bíi máìlì mẹ́ta tí wọ́n là láyé 1950 sí 1959 fún ọkọ̀ tó ń kó uranium. Ó sọ̀ kalẹ̀ ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ lára ògiri àpáta. Jíà kékeré ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́, kí bíréèkì má jóná. Monument Valley kò jìnnà sísàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni aago ti ń da èèyàn láàmú. Utah ń yí aago síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Arizona kì í yí i. Ilẹ̀ Navajo, tí apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà ní Arizona, ń yí i. Ilẹ̀ àwọn Hopi, tí ilẹ̀ Navajo yí ká, kì í yí i. Fóònù yóò máa fò láti aago kan sí òmíràn láàárín ìrìn wákàtí kan. Ẹni tó gba àyè láti wọ Antelope Canyon ní Page, aago Arizona ni wọ́n ń lò fún un. Nínú ìwé tí ẹ fi sílé, ẹ kọ aago ibi tí ẹ ń sọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹ́rífù yóò jáde nígbà tí ẹ ṣì ń wẹ̀.

Ilẹ̀ Navajo kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́. Àwọn Diné, bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn, ní ìjọba, ọlọ́pàá àti òfin tiwọn. Ní 1864 ìjọba Amẹ́ríkà fi ìbọn lé wọn kúrò níbẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Bosque Redondo ní New Mexico, ọ̀pọ̀ sì kú. Àdéhùn 1868 ló mú wọn padà sílé. Ọtí jẹ́ èèwọ̀ lórí ilẹ̀ náà, kódà èyí tó wà nínú búùtù. Láìsí afinimọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í wọ Antelope Canyon, apá tó pọ̀ jù nínú Canyon de Chelly náà kò ṣeé dá wọ̀, nítorí àwọn ẹbí ṣì ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin àgùntàn. Ẹ gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn ìyá tó pàtẹ ẹ̀gbà àti búrẹ́dì díndín sẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá ń ka lítà omi yín, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ni kò ní omi ẹ̀rọ títí di ìsinsìnyí, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ lọ pọn omi láti ibi tó jìnnà. Àwa tó mọ kẹ́ẹ̀gì omi lórí ò ní í nílò àlàyé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìwé ìrìn àjò àwọn òyìnbó kì í sọ. Ní 1936, Victor Hugo Green, oníṣẹ́ lẹ́tà tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Harlem, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan tó ń sọ hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti ilé epo tó ń gba èèyàn dúdú fún àwọn awakọ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ìwé náà fi ń jáde, nítorí ọ̀pọ̀ ìlú ló wà tí aláwọ̀ dúdú ò gbọ́dọ̀ sùn sí. Òfin ti fòpin sí ìyẹn. Àwọn ìlú kéékèèké tí mo ti yà sí lójú ọ̀nà yìí ṣe mí jẹ́jẹ́. Síbẹ̀ mo máa ń sanwó ibi tí mo máa sùn sílẹ̀ ṣáájú, ìwé ọkọ̀ mi sì máa ń wà níbi tí ọwọ́ ti lè mú un láìwá a kiri, bí ọlọ́pàá bá dá mi dúró. Èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí.

Ní ti àkókò, oṣù Kẹrin, Karùn-ún tàbí Kẹwàá ni kí ẹ mú. Àríwá Grand Canyon máa ń wà ní títì nígbà òtútù, nítorí náà etí gúúsù rẹ̀ ni kí ẹ fojú sí. Ẹni tó bá ní oṣù Keje nìkan ni òun ráyè, kó dúró nílé títí di ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá sì ti dé hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, kí ẹ tó bọ́ bàtà, kí ẹ tó wá oúnjẹ, ẹni tí ìwé yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, nítorí àwọn tó ń jáde lọ wá èèyàn lóru nínú àwọn àpáta wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbowó, ẹ̀mí tiwọn náà ni wọ́n sì ń fi wewu.